Láti Abuja dé Oǹdó: àkọsílẹ̀ àwọn tó ṣáájú Ààrẹ

Kí Ààrẹ tó fẹsẹ̀ tẹ ìlú kankan, àwọn kan ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀: ẹni tó mọ ìlànà, ẹ̀ṣọ́, dókítà, oníròyìn, àti àwọn tó ń mójú tó fóònù àti iná. Àkọsílẹ̀ yìí wà fún ẹni tí wọ́n bá rán nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó. A fi orúkọ Ààrẹ sílẹ̀, a sì fi ti orílẹ̀-èdè tó lé aṣojú wa nígbà ìrìn náà sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé: Abuja sí Àkúrẹ́

Agogo márùn-ún ìdájí lọkọ̀ gbéra. Àwọn ọ̀gá lè wọ bàálù, ṣùgbọ́n ojú títì ni ẹrù ń gbà: tábìlì ìsọ̀rọ̀ tó ní àmì orílẹ̀-èdè níwájú, àsíá orílẹ̀-èdè àti àsíá Ààrẹ pẹ̀lú ọ̀pá wọn, máíkì, wáyà, àti jígí ńlá tí ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ fẹ́ kà máa ń hàn lójú rẹ̀ (teleprompter). Jígí yẹn, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì wé e, kí ẹ sì gbé e nàró. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹrù, ẹ ò ní dé Lọ́kọ́jà tí yóò fi là.

Ẹ rọ epo kún tánkì kí ẹ tó kúrò ní Abuja. Ẹ gba orí afárá Murtala Muhammed kọjá odò Ọya kí oòrùn tó mú. Ní Lọ́kọ́jà, ẹja odò ni kí ẹ jẹ, ẹ fi ẹran sílẹ̀: iyán, ọbẹ̀ àti ẹja kan tó ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ₦3,500. Láti Ọ̀kẹ́nẹ́, ẹ gba Ìbílò àti Ìṣùà já sí ilẹ̀ Àkókó, kí ẹ tó já sí Ọ̀wọ̀. Kòtò ọ̀nà yìí kò jinlẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú kọ́nà, níbi tí awakọ̀ kò ti ní rí wọn àfi tó bá ti dé orí wọn.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà, tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ ti gbóná dábùú ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló fi òkúta há a ní ẹsẹ̀ táyà, tí wọ́n sì ń darí ọkọ̀ kéékèèké gba ẹ̀gbẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ owó. Omi tútù ni wọ́n ní ká fún àwọn. Bí ẹ bá ń fi máàpù fóònù ṣírò ìrìn yìí, ẹ fi wákàtí méjì lé e, ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín kí ẹ tó kọjá Ọ̀wọ̀.

Ìpàdé alẹ́ wáyé ní Alágbàká, àdúgbò ìjọba ní Àkúrẹ́, pẹ̀lú àwọn tó ń mójú tó ìlànà ní ìpínlẹ̀. Orin orílẹ̀-èdè ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni “Nigeria, We Hail Thee” ti padà wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn onífèrè mìíràn ṣì mọ́ èyí tí wọ́n fi dàgbà. Ẹ má gba “a ti mọ̀ ọ́n” gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n fọn ọ́n kí ẹ gbọ́.

Agogo mẹ́jọ alẹ́ ni amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ààrẹ tó wà nídìí ìwé ètò pè. Ìjọba ológun orílẹ̀-èdè kan nítòsí wa ti fún aṣojú wa ní wákàtí 48 láti fi ìlú wọn sílẹ̀. Wọ́n tún ní ẹnìkan ń gbé lẹ́tà bọ̀, pé ọwọ́ Ààrẹ fúnra rẹ̀ ni òun fẹ́ fi lé. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ ECOWAS sì fẹ́ jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì yìí kan náà ni Ààrẹ yóò wá sí Àkúrẹ́ àti Oǹdó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Àkúrẹ́

Pápákọ̀ òfurufú ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ irú bàálù tó ń bọ̀, kí ẹ wo bóyá àkàsọ̀ tó wà nílẹ̀ bá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mu. Àkàsọ̀ tó kúrú ti dójú ti àwọn kan rí. Ẹ bèèrè ọkọ̀ panápaná, omi inú rẹ̀, àti bóyá iná ojú ọ̀nà bàálù ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín. Bí iná kò bá dáni lójú, bàálù gbọ́dọ̀ ti fò kí oòrùn tó wọ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọn kì í fi í kọ ìwé ètò láti àárọ̀. Láti ìparí ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bọ̀ wá sókè: ìgbà wo ni bàálù kò gbọ́dọ̀ kọjá? Ẹ yọ àkókò ìrìn sí pápákọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ẹ yọ ìdágbére, ẹ yọ ìṣẹ́jú 20 fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Èyí tó kù ni iye wákàtí tí ẹ ní. Ó máa ń kéré sí èyí tí gómìnà rò.

Ẹ wa ọ̀nà náà ní wákàtí kan náà tí ọ̀wọ́ ọkọ̀ yóò kọjá, pẹ̀lú aago fóònù tó ń ka ìṣẹ́jú. Ojú títì Ọba Adésidà ní agogo mẹ́fà àárọ̀ kò jọ ti agogo mọ́kànlá rárá. Ní ìtòsí Ọjà Ọba, ẹ bá Ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó fi okùn dí ọ̀nà. Ohun tí àwọn ọlọ́jà fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí ọ̀nà yóò tún ṣí. Bí ẹ bá sọ wákàtí kan, kó jẹ́ wákàtí kan.

Ààfin Déjì ló kàn. Ọba Aládétóyìnbó Aládélúsì, Òdùndún Kejì, ló wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 2015. Àwọn ará Abuja kọ ìṣẹ́jú 20 sínú ìwé. Ẹ fi 40 síbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, ẹ má bi ọlọ́fíìsì: ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ibo ni ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ dúró, ṣé kámẹ́rà lè wọ inú lọ́hùn-ún, ibo ni Ààrẹ yóò jókòó sí? Nípa àga àwọn ọba tó kù, ẹ gba ìwé orúkọ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ lọ́balọ́ba ìpínlẹ̀ bó ṣe tò ó gan-an. Ọ̀gá kan láti Abuja fẹ́ tò wọ́n ní A, B, D. Wọ́n dá a lẹ́kun kíá.

Lọ́sàn-án, ọjà Ṣáṣá. Ó lè dà bí ìrìn àfẹ́, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀ ní Àkúrẹ́. Obìnrin kan tó ń ta àlùbọ́sà ṣàlàyé fún wa: nígbà tí ECOWAS ti bodè Niger ní ìparí oṣù Keje ọdún 2023, èyí tí wọ́n ń kó wá láti ọ̀hún dáwọ́ dúró, owó èyí tó kù sì fò sókè. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n tó ká ìjẹníyà náà kúrò. “Ẹ bá wa sọ fún Bàbá pé tí wọ́n bá tún fẹ́ jà, kí wọ́n sọ fún wa ṣáájú, ká lè ra ọjà sílẹ̀.” A kọ ọ́ sínú ìwé tó lọ sí Abuja bó ṣe sọ ọ́. Kò gba owó àlùbọ́sà méjì tó kó sínú ọ̀rá fún awakọ̀.

Ọjọ́rú: Oǹdó

Nǹkan bíi kìlómítà 45 ni, àmọ́ ẹ má fi kìlómítà díwọ̀n rẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo lè fi ìṣẹ́jú 50 débẹ̀. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣíwájú fún máa ń yá díẹ̀, àfi bí ọkọ̀ agbégẹdú bá wà níwájú lórí òkè. Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà wà nítòsí Ọ̀wẹ́nà, ₦700.

Pápá ilé ìwé ni ẹlikọ́pítà yóò balẹ̀ sí. Ẹ wọn ilẹ̀ títẹ́jú, 50 mítà níbùú àti lóròó, tí kò ní òkúta. Ẹ wo òkè kí ẹ tó wo ilẹ̀: wáyà iná tó tín-ín-rín ni awakọ̀ òfurufú kì í rí. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn yí ká láti wá páànù tí kò kàn mọ́ dáadáa, àtíbàbà, pátákó ìpolówó, àti ọ̀rá. Atẹ́gùn ẹlikọ́pítà yóò gbé gbogbo rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ wọ́n omi sí i ní wákàtí kan ṣáájú, ẹ má wọ̀n ọ́n jù kó má di ẹrẹ̀. Ẹ fi ẹfun kọ H síbẹ̀, kí ẹ sì ní kí olùkọ́ so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ààfin Òṣemàwé, Ọba Adéṣimbọ̀ Kíládéjọ ló ń jọba láti ọdún 2006. Ìwé tó wá láti Abuja kọ “àwọn ìyàwó olóyè” síbi àga obìnrin. Ní Oǹdó, ìyẹn kò tó rárá. Obìnrin ni Òṣemàwé àkọ́kọ́, Púpùpú, oyè Lóbùn sì wà níbẹ̀ di òní: ọwọ́ obìnrin yìí ni ọ̀rọ̀ ọjà wà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fi ọba jẹ kí ọwọ́ rẹ̀ má sí níbẹ̀. Ẹ bi ààfin bí àwọn ìjòyè obìnrin ṣe ń jókòó, kí ẹ tún ìwé náà kọ. A tún un kọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ilé ìkó-kòkó ló fa awuyewuye jù. Àwọn aṣojú ilẹ̀ Yúróòpù ní Abuja fẹ́ bá Ààrẹ débẹ̀, kí wọ́n sì yàwòrán pẹ̀lú rẹ̀. Òfin wọn lórí pípa igbó run, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023, sọ pé kòkó tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò tó hẹ́kítà mẹ́rin lè fi àmì kan ṣoṣo sọ ibi tó wà lórí máàpù. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yí ààlà ká. Wọ́n ti sún ìmúṣẹ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n oko kòkó wà nínú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba pa mọ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, gbogbo ìlú ló mọ̀. Bí Ààrẹ bá dúró síwájú àpò kòkó, tó ní “ẹ má bẹ̀rù,” àwọn Òyìnbó á gbọ́ ìlérí kan, àwọn àgbẹ̀ á gbọ́ òmíràn. Ìmọ̀ràn wa sí Abuja: ẹ má fi máíkì síbẹ̀. Kó wo bí wọ́n ṣe ń gé èso kòkó sí méjì láti mọ èyí tó bu, kó bọ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, kó jáde.

Ọjọ́bọ̀: ọjọ́ fóònù

Òjò rọ̀ láti òru. Gbogbo ohun tí wọ́n tò sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti agogo méje àárọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni ti aago. Ìwé ìpè láti òkèèrè ní 13:00 GMT. Ọ́fíìsì kan ní Abuja kọ agogo kan ọ̀sán sí ètò. Wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú GMT, nítorí náà agogo méjì ni. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ló rí i, torí ó máa ń kọ aago ìlú kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bébà kan. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Aago Niamey bá tiwa dọ́gba. Accra àti Ouagadougou fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Paris bá tiwa dọ́gba nígbà òtútù wọn, ó sì fi wákàtí kan ṣáájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Washington a máa fi mẹ́fà rẹ̀yìn nígbà òtútù, márùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa kì í yí aago padà, àwọn ni wọ́n ń yí i.

Agogo méjì lọ́jọ́ Ẹtì sì kan ìrun Jímọ̀. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ náà bẹ àwọn tó kù kí wọ́n sún un sí méjì ààbọ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn gan-an. Kò sí ẹni tó bínú. Ibi tí wàhálà máa ń wà ni kí ẹ pa irọ́ pé ojú ọjọ́ ni, kí fọ́tò mọ́ṣáláṣí wá jáde.

Ti ẹni tó gbé lẹ́tà wá ló le jù. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹni tó gbà ọ́ lálejò ni èsì. Bí Ààrẹ bá gbà á ní Àkúrẹ́, ìyẹn jẹ́ pé a gba ìjọba ológun náà tọwọ́tẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó fi lẹ́tà sílẹ̀ lẹ́nu géètì, àbùkù nìyẹn, ọ̀rọ̀ á sì bàjẹ́ sí i. Ibi tó bọ́ sí ni pé mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè yóò gbà á ní Abuja ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, láìsí kámẹ́rà, kí ẹ̀dà lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ti lílé tí wọ́n lé aṣojú wa, àdéhùn Vienna ti ọdún 1961 gba orílẹ̀-èdè kankan láyè láti ní kí aṣojú ẹlòmíràn máa lọ, láìsọ ìdí. Àwa náà lè ṣe é padà. Ìgbà tí a ó kéde rẹ̀ ló kù, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgbà tí Ààrẹ wà lórí pèpéle ní Àkúrẹ́, tí àwọn oníròyìn yí i ká.

Àwọn kan ti ń sọ ti ọmọ ogun. Ẹ mọ òfin kí ẹ tó fi ìpàdé kankan lórí rẹ̀ sínú ètò. Abala karùn-ún ìwé òfin ọdún 1999 kò jẹ́ kí Ààrẹ rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi láìgba àṣẹ Ilé Aṣòfin Àgbà ṣáájú. Bí ewu bá rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ó lè rán wọn lẹ́yìn tó bá ti fọ̀rọ̀ lọ ìgbìmọ̀ ààbò, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ náà láàárín ọjọ́ méje, kí ilé náà sì dáhùn láàárín ọjọ́ 14. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà ọ̀rọ̀ Niger, àwọn aṣòfin àgbà ní ìjíròrò ni kí wọ́n gbájú mọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso ti jáde kúrò nínú ECOWAS.

Ìwé ètò mẹ́ta ló wà nílẹ̀ ní ọ̀sán. Ohun tó fa ìjiyàn ni èwo ni kí wọ́n gé. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ náà sọ bí òun àti Ààrẹ ṣe sọ ọ́:

“Èwo ni ká yọ níbẹ̀?”

“Bàbá, ẹ má yọ ààfin kankan. Kí mínísítà lọ sí ilé kòkó.”

“Àwọn Òyìnbó yẹn ńkọ́?”

“Wọ́n á bá mínísítà lọ, Bàbá. Ibi tó yẹ wọ́n náà nìyẹn.”

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ gbọ́ pé Kábíyèsí kan ń dúró dè mí.”

Nítorí náà, ètò yí po: Oǹdó láàárọ̀, Àkúrẹ́ lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ gbangba ní gbọ̀ngàn Dome kẹ́yìn pátápátá. Ohun tí ẹ lè gé, ìparí ni kí ẹ fi sí. Ẹ má fi fóònù sọ irú ìyípadà yìí fún ààfin. Ẹni tó lọ sọ fún Déjì pé Oǹdó ni Ààrẹ yóò kọ́kọ́ dé jẹ́ àgbà, ó wọ agbádá, ó sì ṣàlàyé aago fún àwọn ìjòyè títí ó fi yé wọn.

Yàrá fóònù ní Alágbàká: kò gbọ́dọ̀ ní fèrèsé tó kọjú sí títì. Ìlà méjì, ti ilẹ̀ àti ti sátẹ́láìtì. Bátìrì tó lè gbé e fún wákàtí méjì, torí jẹnẹrétọ̀ máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó gba iná, ìyẹn sì tó láti gé ìpè. Ògbufọ̀ èdè Faransé kan, akọ̀wé kan. Ẹ dán an wò ní wákàtí kan náà ní ọjọ́ tó ṣáájú. Kò gbọ́dọ̀ sí Ààrẹ tó ń dúró de ẹlòmíràn lórí ìlà: àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ á kọ́kọ́ pàdé, wọ́n á jọ fà á lé àwọn ọ̀gá wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ Ẹtì: ọjọ́ gan-an

Bàálù balẹ̀ ní 8:35. Ìkùukùu bo gbogbo òkè, awakọ̀ ẹlikọ́pítà sì kọ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó bá a jiyàn. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn, torí kò sí ètò ẹlikọ́pítà tí kò ní ètò ọkọ̀ lábẹ́. Wọ́n wọ Oǹdó ní 9:50.

Níwájú ààfin, òjò ti sọ ibi tí ọkọ̀ Ààrẹ yóò dúró di ẹrẹ̀. Kápẹ́ńtà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì gbé pákó mẹ́fà jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó tò wọ́n, ó rìn lórí wọn láti wò ó bóyá wọ́n ń mì, ó kan ìṣó síbi méjì. Wọ́n san owó pákó fún un lẹ́yìn náà. Owó iṣẹ́ ni kò gbà.

Ọ̀dọ̀ Òṣemàwé gba ìṣẹ́jú 45. Ọ̀rọ̀ lórí pápá di ìṣẹ́jú 12. Ìkùukùu ti ká, ẹlikọ́pítà gbé Ààrẹ padà, ọ̀dọ̀ Déjì sì bọ́ sí 12:05, ó gba ìṣẹ́jú 45. Ìrun Jímọ̀. Ní 2:28, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá fóònù.

Ìṣẹ́jú 40 ló wà lórí ìwé. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ náà dúró nínú yàrá pẹ̀lú káàdì funfun tó nípọn, tó fi máàkà dúdú kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí: 10, 5, 0. Kò gbé e sókè nígbà tí olórí ìlú mìíràn ń sọ̀rọ̀, ìgbà tí ògbufọ̀ bá ń túmọ̀ nìkan. Ní “0”, Ààrẹ yí káàdì náà dojú délẹ̀ sórí tábìlì, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó jáde ní 3:33.

Ní Dome, àwọn onílù ti ń gbá a láti agogo mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ojú ewé mẹ́sàn-án di mẹ́ta. Ó rọrùn láti gé, torí ojú kan bébà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà tó tó ìwọ̀n 20, wọn ò sì dè é pọ̀, gbólóhùn kan kò sì bẹ̀rẹ̀ lójú ewé kan kó parí sí òmíràn. Èyí tó kan orílẹ̀-èdè yẹn kò sí níbẹ̀ rárá. Oníròyìn mẹ́ta béèrè. Agbẹnusọ kan ṣoṣo ló dáhùn, ó ní Abuja ni ìkéde yóò ti wá. Bàálù fò ní 5:20.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: ìpadàbọ̀

Ẹ ka àsíá kí ẹ tó ká wọn. Àsíá tábìlì máa ń sọnù sọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fi ṣe ìrántí. Ẹ san owó àga, tẹ́ǹtì àti jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó kúrò ní Àkúrẹ́, kí ẹ gba rìsíìtì, torí owó tí ẹ bá gbé dé Abuja yóò di fáìlì. Ẹ kọ ìwé ọpẹ́ méjì fún ààfin méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan má ṣáájú èkejì.

Iyán àárọ̀ ní Ìjàpọ̀ ní Àkúrẹ́, ẹ̀gúsí àti ìgbín méjì, ₦4,000. A gbéra ní agogo mẹ́jọ. Ọ̀nà Ọ̀kà ti là, tírélà ọjọ́ Ajé sì ti lọ. Ní Lọ́kọ́jà ni rédíò ti ka ìkéde náà: ìjọba wa ní kí aṣojú tiwọn náà máa lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ 14 ni wọ́n fún un, wọn ò fún un ní wákàtí 48.